Ìyá Oǹdó àti Ògiri Àwọn Ará Àkúrẹ́

Ní Àkúrẹ́, Ìyá Oǹdó ni gbogbo ènìyàn ń pe ìyá àgbà mi. Ní Oǹdó tí wọ́n ti bí i, Ìyá Àkúrẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń fi orúkọ ìlú kejì lé e jáde, òun náà kò sì bẹ ọ̀kankan nínú wọn. Nígbà tó kú tí a fẹ́ tẹ ìwé ìsìnkú, àwọn ẹbí ti Oǹdó ní orúkọ ìlú àwọn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí pé ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Àwọn ti Àkúrẹ́ ní ibi tí ènìyàn bá ti jẹun pẹ́ jù ni ìlú rẹ̀. Àríyànjiyàn náà kún orí Wasáàpù ẹbí títí bátìrì fóònù bàbá mi fi kú. Mo jókòó tì í, mo ń sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé ká ní ìyá náà wà láàyè ni, òun gan-an ni ì bá dá ìjà ọ̀hún sílẹ̀, kó tó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó máa jẹ obì.

Mi ò ní kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun alára kò fẹ́ràn ìtàn tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti la ẹnu pé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ìlú báyìí ni báyìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi í. Ó bi oníwàásù rí, ó bi olùkọ́ mi rí, ó sì bi ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò, ẹni tí kò lè gbọ́ ọ: "Ta ló wà níbẹ̀?"

Ẹni tí ìbéèrè náà dùn jù ni ọkọ rẹ̀, Bàbá Àgbà wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé. Ìtàn tí Bàbá Àgbà fẹ́ràn jù láyé ni ti ọmọ ọba tó jáde ní Ifẹ̀, tó ń lé erin kiri inú igbó títí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ fi já, tó sì tẹ̀dó síbi tí ìlẹ̀kẹ̀ já sí. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló bá a mú ọfà dání. Ìgbà tí iyán bá wà nínú odó ló sì máa ń yàn láti sọ ọ́. Ìyá Oǹdó á jẹ́ kó dé ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti já, á wá dá ọmọ odó dúró. Á ní kí a gbọ́ ná o. Àwọn ará Oǹdó, ọba ni wọ́n fi síwájú nígbà tí wọ́n ń bọ̀, obìnrin sì ni ọba ọ̀hún. Àwọn ará Àkúrẹ́ ní tiwọn, ìlẹ̀kẹ̀ wọn já, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wọ́n ń ṣà á, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ wọn. Ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní títẹ ìlú dó?

Bàbá Àgbà á ní òun kò ní í bá àwọn tó ń gbé ọ̀pá iṣu káàkiri igbó jiyàn, àwọn tó jẹ́ pé ibi tí ilẹ̀ ti kọ̀ fún ọ̀pá wọn ni wọ́n sọ di ilé. Ó tún ní ẹ̀yin gan-an, ibo lẹ ti wá? Àwọn kan ní Ifẹ̀, àwọn kan ní Ọ̀yọ́, àwọn kan ní Bìní. Kí wọ́n lọ parí èyí nílé wọn ná, kí wọ́n tó wá máa yọ àlejò lẹ́nu. Ó rò pé òun ti mú un. Ìyá Oǹdó gbé ọmọ odó rẹ̀, ó gún iyán náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Ọmọ tó bá dára ni ìyá mẹ́ta ń jà lé lórí."

Mo gbà pé ọmọ Oǹdó tòótọ́ ni títí di ọjọ́ tí mo bá a lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Oǹdó. Bí a ti ń wọ ìlú ló ti ń nàka sí Òkè Àgùnlá fún mi, ó ń sọ bí àwọn tó kọ́kọ́ dé ṣe dúró lórí òkè yẹn tí wọ́n ń wo èéfín lọ́ọ̀ọ́kán. Inú mi dùn pé fún ìgbà àkọ́kọ́, a ó jẹun láìjà. A kò tíì fọ ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ní kò tilẹ̀ sí ohun kan tó ń jẹ́ Àkúrẹ́ láyé àtijọ́, pé ibùsọ̀ àwọn oníṣòwò Bìní lásán ni. Ìyá Oǹdó dìde lórí ìjókòó. Ó kó ọmọ ọba Ifẹ̀ jáde, ó kó ọfà jáde, ó já ìlẹ̀kẹ̀, ó sì fi erin kejì kún erin kan ṣoṣo tí Bàbá Àgbà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa abọ́ omi sún mọ́ wa kí a fọ ọwọ́.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, mo béèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le. "Ibi tí mi ò bá sí ni mo máa ń gbèjà. Ibi tí mo bá wà, ṣebí mo wà níbẹ̀."

Bó ti wà ní gbogbo ọ̀nà nìyẹn. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ẹnìkan lẹ́yìn níwájú Ìyá Oǹdó, ẹ múra. Ẹni tó bú lánàá gan-an, bí onítọ̀hún kò bá ti sí níbẹ̀ lónìí, ó ti di oníbàárà rẹ̀ nìyẹn. A máa ń ní ká ní wọ́n rán an nílé ìwé dáadáa, agbẹjọ́rò ni ì bá ṣe, gbogbo ọ̀daràn ìpínlẹ̀ yìí ni ì bá sì máa sùn nílé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ògiri. Níwájú agbo ilé wa ní Àkúrẹ́, lápá ibi tí ènìyàn ń gbà lọ sí ọjà ọba, ògiri alámọ̀ kan wà níbẹ̀, òun nìkan ló kù nínú agbo ilé àtijọ́. Ó ga ju bàbá mi lọ díẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan wà láàárín rẹ̀ tí kò lọ sí ibì kankan mọ́, páànù tín-ín-rín kan sì wà lórí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí òjò fọ́ ọ. Bàbá Àgbà ní baba ńlá wa tó bá ọdẹ elérin dé ló mọ ọ́n. Àbúrò rẹ̀, tí àwa ọmọ ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, ní irọ́ ni. Ó ní ọ̀nà Bìní ni àwọn gbà wọlé, ìlú ti wà kí wọ́n tó dé, ẹnìkan tó rí owó kòkó ló sì mọ ògiri náà ní àná àná yìí. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì, oríṣun wọn kò sì bára mu.

Ohun tí kò sí iyàn lórí rẹ̀ ni ẹni tó ń rẹ́ ẹ. Lọ́dọọdún, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti ń lọ sópin, Ìyá Oǹdó á ránṣẹ́ sí ọ̀nà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kí wọ́n bá òun gbé amọ̀ wá, nítorí ó ní amọ̀ ìgboro Àkúrẹ́ ní ìgbéraga. Á gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, á po ìgbẹ́ màlúù mọ́ ọn, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí, á bò ó mọ́lẹ̀ kó sùn. Lọ́jọ́ kejì, á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rẹ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi funfun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ń jà lórí ẹni tó mọ ògiri, á na ọwọ́ rẹ̀ tó pupa sí wọn. "Èyí tó kù nínú ti baba ńlá yín kò ju ìwọ̀n àtàǹpàkò lọ. Ìyókù, èmi ni."

Ní ọdún kan, àwọn ọmọ ilé ìwé wá wo ògiri náà pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Bàbá Àgbà wọ agbádá. Ó to àwọn ọmọ sí ìlà, ó bẹ̀rẹ̀ láti Ifẹ̀, ó lé erin, ó dé ibi tó ti ní ògiri tí wọ́n ń wò yìí, ó ti wà láti ìgbà tí ìlú ti wà. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́, ó fi kan ògiri, ọwọ́ rẹ̀ sì wọlé ṣìnkún. Gbogbo wọn wo ọwọ́ ọmọ náà, wọ́n wo Bàbá Àgbà. Láti ẹnu ọ̀nà ni a ti gbọ́ ohùn Ìyá Oǹdó: "Rọra, ọmọ mi. Kò tíì gbẹ."

Bàbá Àgbà kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n mo rí i pé òun ló bu omi fún un láti fi fọ ọwọ́.

Ìyá Oǹdó mú èmi àti àwọn ọmọ ìyá mi lọ wo ààfin àtijọ́ ní ọlidé kan. Ọkùnrin tó ń mú àlejò kiri ibẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀; àgbàlá tí ọba ti ń dájọ́, àgbàlá tí wọ́n ti ń gba àlejò, gbogbo rẹ̀ ló ṣàlàyé. Ìyá Oǹdó kò tẹ̀ lé wa tímọ́tímọ́. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara ògiri bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ. Ó bi ọkùnrin náà ẹni tó rẹ́ apá kan tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n òun lè sọ ọba tó wà lórí oyè nígbà náà. Ìyá Oǹdó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní obì, ó sì yí padà sí ògiri náà, ó kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú tì wá díẹ̀. Nígbà tí a ń lọ sílé ló sọ fún wa pé ọba kọ́ ló po amọ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ẹni mímọ́ ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀. Ìyá Oǹdó máa ń jí ọmọ ayò. Orí ẹja tó bá wà nínú ọbẹ̀, tirẹ̀ ni, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Mi ò gbọ́ kó sọ rí pé òun jẹ̀bi, àfi ìgbà tó ń ka ìwé àdúrà, níbi tó ti wà nínú ìwé. Ó sì lè purọ́. Àwa ènìyàn lásán, bí a bá purọ́, a máa ń sáré kọjá ni. Irọ́ tirẹ̀ ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé, o lè jókòó sínú rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi wà ní kékeré, ó jókòó lé gíláàsì ojú Bàbá Àgbà, ó fọ́ pẹ́tẹ́. Ìyá Oǹdó ní ewúrẹ́ ni. Ó dárúkọ ewúrẹ́ ọ̀hún, ó sọ ibi tó gbà wọlé, ó sì fi irun rẹ̀ tó já sílẹ̀ lórí àga hàn. Bàbá Àgbà pe ewúrẹ́ náà, ó bá a wí. Lẹ́yìn náà, bàbá mi bi í bóyá kò ní í di ẹ̀ṣẹ̀ sí àwọn lọ́rùn. Ó ní kó fọkàn balẹ̀: "Ewúrẹ́ kì í jẹ́jọ́."

Ohun kan ṣoṣo tí kì í fi ṣeré ni àṣà ìyàwó ilé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ tó bá nínú ilé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ tó wọlé. Orúkọ àpọ́nlé ni yóò máa fi pè é. Èyí tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tó dé, ó lè pe ìyẹn ní orúkọ bó ti wù ú. Gbogbo àwọn tí Ìyá Oǹdó bá nílé ló sọ lórúkọ. Bàbá Kékeré, Akọ̀wé ló ń pè é. Ìtàn orúkọ náà kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa: lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wọlé bí ìyàwó, ọmọkùnrin kan lóṣòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yọ ahọ́n síta, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára síléètì, kò tilẹ̀ gbójú sókè wo ìyàwó. Ó sì di akọ̀wé ìjọba lóòótọ́ nígbà tó dàgbà. Òun náà, ìyàwó ló ń pè é. Àwọn méjèèjì hewú, eyín wọn ń dín kù, ṣùgbọ́n láràárọ̀ a ó gbọ́ "Ẹ káàárọ̀, Akọ̀wé," a ó gbọ́ "Ẹ káàárọ̀, ìyàwó," kí ìjà ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìjà tó tóbi jù bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ikú Bàbá Àgbà. Bàbá Kékeré ti di olórí ẹbí. Ó pe ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ti rí ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé, ẹbí yóò máa rí nǹkan kan níbẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì rí ibi tà. Ògiri nìkan ló dí ọ̀nà. Lọ́jọ́ Sátidé, katapílà yóò wá gbé e. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú, ká sọ òótọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo wo ìyá àgbà mi. Amọ̀ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ti wà lẹ́yìn ilé láti àárọ̀ àná, ó ti bò ó mọ́lẹ̀ kó sùn.

Bàbá Kékeré rí i pé mo ń wò ó. Ó yí padà sí i, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní kí ìyàwó má bínú, ṣùgbọ́n ará Oǹdó ni í ṣe, ohun tó jẹ mọ́ ìpilẹ̀ agbo ilé Àkúrẹ́ kò lè dùn ún jù. Ó ní ṣebí ẹnu rẹ̀ ni gbogbo wa ti gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí pé ògiri náà kò jẹ́ nǹkan kan. Òótọ́ ni. Ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ ọ.

Ìyá Oǹdó jẹ obì ẹnu rẹ̀ tán ná. Ó nu ẹnu. Ó ní, "Adégòkè."

Orúkọ àbísọ Bàbá Kékeré nìyẹn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ kí ó dárúkọ ọkùnrin yẹn rí.

"Adégòkè, ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, èmi ni mo gbé ìkòkò ibi rẹ, ibi tó bá ọ wá sáyé. Ẹsẹ̀ ògiri yẹn ni ìyá ọkọ mi ní kí n rì í sí, lọ́wọ́ ọ̀tún ẹnu ọ̀nà. Bí katapílà bá fẹ́ gbé e, kó gbé e. Mo kàn ní kí n sọ fún ọ, kí o lè mọ ibi tí o máa dúró sí lọ́jọ́ náà."

Bàbá Kékeré bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó wo Ìyá Oǹdó títí. Àgbà nínú ìjọ ni, òun ló ń gbé igbá ọrẹ lọ síwájú lọ́jọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò fẹ́ kí wọ́n fi katapílà hú ibi rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ìbéèrè Ìyá Oǹdó fúnra rẹ̀ ló bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ta ló wà níbẹ̀?"

Ó ní, "Èmi ni."

Bàbá Kékeré tún gíláàsì rẹ̀ fi sójú. Ó ní onígbàgbọ́ ni òun, òun kò gba irú nǹkan báwọ̀nyí gbọ́ rárá, ṣùgbọ́n a ó sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó ṣì wà níwájú níbẹ̀.

Oǹdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi ọkọ̀ mi gbé Ìyá Oǹdó lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Ní Bọ́lọ́rundúró tí a ti dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, mo sọ fún un pé mi ò mọ̀ pé ó ti wà nínú ilé nígbà tí wọ́n bí Bàbá Kékeré. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́n tó owó ilé ìwé tí wọ́n san lórí mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí ìborùn nu ojú, obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà bá a rín láìmọ ìdí.

"Bíbí wo? Ọmọ tó ti ń kọ A, B, D sára síléètì nígbà tí mo dé?"

Akọ̀wé! Gbogbo wa la mọ ìtàn orúkọ yẹn láti kékeré. Gbogbo wa la jókòó sí ìpàdé yẹn tí a ń mi orí, a kò sì rántí pé ọmọ tí o bá bá pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́, o kò lè ti gbé ìkòkò ibi rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń kígbe ẹ̀rí náà sí wa létí. Mo bi í pé kí ló kàn án nínú ògiri tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bú. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. Ó ń yẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá rẹ kò sí níbẹ̀ láti sọ tirẹ̀."

Bàbá Àgbà ló ní lọ́kàn. Mo sanwó ọ̀gẹ̀dẹ̀, a sì forí lé Oǹdó.

Ìyá Oǹdó lọ ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, nílé, lórí ibùsùn rẹ̀, ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Wọ́n ní ó ti dàgbà, kí a má sunkún. Mo sunkún. Ó dùn mí wọra, ó ṣì ń dùn mí. Ìwé ìsìnkú tí wọ́n ń jà lé lórí, àbúrò mi tó tẹ̀ ẹ́ dá a sí méjì: ìdajì ní Oǹdó ṣáájú, ìdajì ní Àkúrẹ́ ṣáájú. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú èyí tó wù ú lọ sílé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni òjò àkọ́rọ̀ dé, ó sì mú ìjì lọ́wọ́. Ó ká páànù orí ògiri lọ. Ẹnìkan ya fọ́tò rẹ̀ sórí Wasáàpù: amọ̀ pupa ń ṣàn lọ sí ojú gọ́tà. Gbogbo ẹbí kọ ọ́ pé ó mà ṣe o. Ẹnìkan láti òkè òkun fi àwòrán ẹni tó ń sunkún ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó wá. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kúrò ní Oǹdó, mo kan páànù tuntun sí i, mo sì bọ́ sínú amọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ilé.

Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wo ọwọ́ ìyá náà, mo rò pé mo ń kọ́ ọ ni. Ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́ tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Èkejì tẹ̀ lé e. Mo ń mú ẹ̀kẹta nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá ẹnìkan lẹ́yìn mi. Bàbá Kékeré ni. Ó wo amọ̀, ó wò mí, ó ní koríko kò tó, àti pé ta ló kọ́ mi kí n máa bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti igi, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi ọwọ́ kan di èjìká mi mú, ó sì wọ inú amọ̀. Ẹ̀rù bà mí kó má ṣubú. Kò ṣubú. Ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń mí hẹ̀hẹ̀.

Mo rò pé mo mọ ohun tó gbé e wá. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀ díẹ̀, mo ní kí wọ́n má fòyà, a kò ní í jẹ́ kí òjò kó ibi wọn lọ.

Ó dúró. Ó ní, "Ibi kí ni? Mo mọ̀ pé urọ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wọ ulé yìí, mo wà níbẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n ru àpótí rẹ̀ wọ yàrá. Ó wúwo."

Mo bi í léèrè. Ṣé láti ọjọ́ ìpàdé yẹn ni wọ́n ti mọ̀? Ó ní ìyàwó kò tíì pa ẹnu dé lọ́jọ́ náà tí òun ti mọ̀. Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi gbà fún un.

Ó tún tẹ amọ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó tó fèsì. "Ó pè mí ní Adégòkè. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò dárúkọ mi rí, ìbáà ṣe nínú ìbínú. Ará Oǹdó ló ba àṣà jẹ́ níwájú ènìyàn nítorí ògiri ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí wọ́n bí sínú ulé ni mo sì fẹ́ wó o. Ojú tì mí, Ṣadé."

Ó na ọwọ́, mo bu amọ̀ sí i. Láti ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún ẹnu ọ̀nà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì í lọ sókè gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ti máa ń ṣe. Amọ̀ náà dúró. Ó ní lọ́jọ́ kejì ìpàdé yẹn, bí ilẹ̀ ti mọ́, òun jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun kò mọ ojú tí òun yóò fi wò ó. Ìyàwó kàn ní, ẹ káàárọ̀, Akọ̀wé. Òun náà ní, ẹ káàárọ̀, ìyàwó. Ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

A rẹ́ ẹ títí oòrùn fi gun orí páànù. Ó ń sọ fún mi kí n dín omi kù. Nígbà tí a dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó mọ́, ó fara ti igi, ó ń wo ibi tí a ti ṣe.

Ó ní, "Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Akọ̀wé mọ́."

Ó wà ní ẹnu mi láti pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni mí, èmi kì í ṣe ìyàwó, orúkọ náà kò tọ́ sí mi láti pè. Mo bu amọ̀ míì, mo sì gbé e sí i lọ́wọ́.